Ta Ni Yóò Dúró Lẹ́yìn Kámẹ́rà?

Bó o bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin, má wulẹ̀ tẹ́tí sí ẹnu ẹ̀. Wo ohun tó ń kó sínú báàgì. Ẹnu lè sọ ohun tó wù ú, ṣùgbọ́n èèyàn kì í ru ẹrù tí kò ní lò.

Ọ̀sán ni. Tí ilẹ̀ bá mọ́, èmi àti ọkùnrin tí mò ń fẹ́ máa bá àwọn òbí ẹ̀ lọ síbi ìsinmi, nínú ilé kan tí wọ́n máa ń háyà létí omi lọ́dọọdún. Mo jókòó sórí àpótí nínú yàrá mi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mò ń jẹ búrẹ́dì. Òun kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì, ó to àwọn lẹ́ǹsì kámẹ́rà mi síbẹ̀, ó ń fi aṣọ kékeré tó fi ń nu gíláàsì àwọn oníbàárà ẹ̀ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Onígíláàsì ni mo máa ń pè é, torí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn: ó ń gé gíláàsì ojú fún àwọn tí kò ríran dáadáa. Èmi, onífọ́tò ni mí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo wo àwọn tó ń ṣe é, mo bà á jẹ́ títí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Lẹ́ǹsì mẹ́ta ni mo ní, mo sì sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó kúrú tó sì fẹ̀ lójú ni Gbogbo-Ẹ-Wá, torí ó lè gba odindi ẹbí kan láìjẹ́ pé mo fi ẹ̀yìn rìn jáde nílé. Ojú-Ẹni ni mo fi ń ya ojú ẹnì kan ṣoṣo. Òkèèrè gùn bí apá ọmọdé, ó wúwo bí ọmọ odó; ohun tó bá jìnnà ló máa ń fà wá sí tòsí.

"Èyí ò ní lọ," Onígíláàsì ní, ó ti Òkèèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó ti wúwo jù. Ta lo fẹ́ fi ṣọ́?"

"Ẹyẹ wà lórí omi."

"Ìsinmi ẹbí là ń lọ, kì í ṣe ìsinmi ẹyẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún bu búrẹ́dì mi jẹ. Ó fi Gbogbo-Ẹ-Wá sínú báàgì, ó fi Ojú-Ẹni tẹ̀ lé e, ó kó bátìrì sí i, ó fi iná kámẹ́rà lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi, irin tí mo máa ń gbé kámẹ́rà lé, tí mo ti fi ti ara ilẹ̀kùn kí n má bàa gbàgbé ẹ̀. Ó gbé e lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí ló dé tó o gbé ìyẹn pa mọ́?"

"Ẹrù ti pọ̀, olólùfẹ́ mi. Irin lásán ni."

Búrẹ́dì dúró lẹ́nu mi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ ohun tó dá mi dúró. Tí onífọ́tò bá fẹ́ wà nínú fọ́tò pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, ó máa gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó máa ṣètò ẹ̀ kó lè fúnra ẹ̀ ya fọ́tò, á sáré lọ dúró láàárín wọn. Ẹni tó bá mú lẹ́ǹsì ẹbí tó fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, ó ti mọ̀ pé ẹnì kan máa dúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Onígíláàsì náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tí mò ń lò tí kò mọ ìlò ẹ̀.

"Onígíláàsì."

"Ẹ̀mí mi."

"Má pè mí lẹ́mìí ẹ. Ta ló máa dúró lẹ́yìn kámẹ́rà?"

Ó yọ Ojú-Ẹni jáde padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bá a ṣe dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohun tó fèsì.

Èmi ni mo ya fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo bá a sọ lọ́jọ́ náà: "Ọkọ ìyàwó, gbé àgbọ̀n sókè, ìsìnkú kọ́ la wá." Kò pẹ́ tí ìyàwó náà fi ríṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè, ó lọ, ó ránṣẹ́ pé òun ò ní padà, kóòtù sì tú wọn ká. Álíbọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n ní kí n ṣe, ẹnikẹ́ni ò wá gbà á. Ó wà lórí pẹpẹ mi, ó ń gba eruku, àfìgbà tí ọkùnrin yìí wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sun ún."

"Èmi kì í sun iṣẹ́ mi. Tó o bá fẹ́ sun ún, gbé e lọ síta."

Ó gbé e, kò lọ. Ó ṣí i. Ó wò ó títí. "Ṣé ẹ rí i lọ́jọ́ náà pé kò ní pẹ́?"

"Mo rí i pé oòrùn wà lójú yín. Wòlíì kọ́ ni mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé álíbọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì mi nígbà tó ń lọ. Ó wá gbà á lọ́jọ́ kejì, ó tún gbàgbé ẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi sọ fún un pé tó bá jẹ́ èmi ló ń wá wò, kó yáa sọ, kó yéé fi ìgbéyàwó ẹlòmíì tan mí.

Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ojú mi ni fìtílà òun; mo ní kó lọ ra gílóòbù. Ó ní tóun bá jí láàárọ̀ ohùn mi lòun ń gbọ́. Mo ní kó lọ yẹ etí ẹ̀ wò. Bàbá tó bí mi mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, ó ń sọ ọ́ títí ó fi bá ẹnu ọ̀nà jáde tí kò padà mọ́, màmá mi sì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọjọ́ náà. Ohun tó mú mi gba Onígíláàsì kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé mo máa ń fún ojú pọ̀ tí mo bá ń wo inú kámẹ́rà. Lọ́jọ́ kan ó gbé gíláàsì kan sórí tábìlì mi, kò sọ nǹkan kan, ó jáde. Mo wọ̀ ọ́. Mo rí ewé lára igi tó wà ní òdìkejì títì. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí, mo ti gbà.

Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní bàbá.

Rẹfirí ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá ẹ̀, torí òun ló máa ń fun fèrè níbi bọ́ọ̀lù nígbà tí ara ẹ̀ ṣì le. Ó fẹ̀yìn tì lórí pápá, kò fẹ̀yìn tì nílé. Ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ló di alárinà wa. Òun ló kọ́kọ́ mú mi lọ sílé wọn.

"Gbọ́," ó sọ fún mi lẹ́nu géètì, "má bá a jiyàn o. Tó bá fun fèrè, kó o dúró. Ẹnu ẹ yìí, fi sílẹ̀ síta."

A wọlé. Ibi tí wọ́n fún mi jókòó, ìsàlẹ̀ fọ́tò ìgbéyàwó Onígíláàsì gan-an ni, wọ́n fi férémù sí i. Bàbá bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó nàka sókè.

"Ta ló ya ìyẹn?"

"Èmi ni, sà."

"O ya á dáadáa."

"Ẹ ṣeun, sà."

"O ya ọkọ ìyàwó, o rí i pé ó dáa, o wá sọ fún ara ẹ pé tèmi rèé. Lẹ́yìn náà ni ilé tú."

Mo gbìyànjú láti fi ẹnu mi sílẹ̀ síta. Kò dúró. "Rárá o, bàbá. Nígbà tí mo ya á, ó fajú ro bí ẹni tí bàtà ń há mọ́ lẹ́sẹ̀. Kò wù mí rárá."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì húkọ́. Ìyá wọn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, yára fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Káàdì pupa," ó ní. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹni tó dúró nídìí ìgbéyàwó ọmọ mi títí ó fi tú, kò ní wọ ilé yìí bí ìyàwó."

Mo wo Onígíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ó mú gíláàsì bàbá ẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Ìgbà tá a dé ojú títì lọ̀rọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn: òun ò lè gbé láìsí mi, kò sí òkè tóun ò lè gùn torí mi. Mo ní, "Òkè jìnnà. Bàbá ẹ ló wà nítòsí."

Àǹtí ń lọ, ó ń bọ̀. Lónìí, "Mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò dáhùn." Lọ́jọ́ mìíràn, "Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tí wọ́n sọ fún ẹ." Ó ṣe, ó ṣe, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ kan, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀: "Ó ti bọ́ sí i! Àbúrò mi ní bàbá ti gbà kó o bá wa lọ síbi ìsinmi!" Mo jókòó sílẹ̀. Màmá mi rán aṣọ tuntun fún mi, ó tú ọrùn ẹ̀ tó sì tún un rán títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mo bi í pé ta ló máa dúró lẹ́yìn kámẹ́rà.

"Fetí sílẹ̀," Onígíláàsì wá ní níkẹyìn. "Ọdọọdún ni bàbá máa ń ní ká ya fọ́tò kan lórí àtẹ̀gùn ilé yẹn. Onífọ́tò tó máa ń yà wá níbẹ̀ ti kó lọ. Mo sọ fún wọn pé ìwọ ni mo máa háyà láti yà á, bí onífọ́tò lásán."

"Onífọ́tò."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ẹ́ dáadáa ná. Wọ́n á rí iṣẹ́ ẹ, wọ́n á rí ìwà ẹ, ọkàn wọn á rọ̀. Tó bá kù díẹ̀ ká padà, mo máa wá sọ ọ́."

"Àǹtí mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ó rò pé wọ́n gbà ni."

"Fọ́tò yẹn máa wà lára ògiri. Gbogbo yín máa wà níbẹ̀. Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ lo máa ya á."

"Òjìji mi nìkan ló máa wà níbẹ̀ nìyẹn, tí oòrùn bá wà lẹ́yìn mi."

Ó dìde, ó fẹ́ dì mí mú, ó ní, "Ìwọ ni ojú tí mo fi ń..."

"Dákẹ́! Mi ò fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo fẹ́: 'Bàbá, obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé o ti mú díẹ̀ lọ fún bàbá ẹ nínú ọ̀rọ̀ tó o ti ń dà sí mi létí, à bá ti ṣègbéyàwó."

Ó fi Ojú-Ẹni padà sínú báàgì. "Mo máa sọ ọ́."

"Kó tó di fọ́tò?"

"Kó tó di fọ́tò. Mo ṣèlérí."

Lẹ́yìn tó lọ, mo lọ bá màmá mi. Orí ẹ̀rọ ló wà, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀. Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Má lọ."

"Wọ́n á ní mo sá."

"Kí wọ́n ní. Ẹnu wọn ni."

"Tó bá sì wá sọ ọ́ lóòótọ́ ńkọ́, tí mi ò sí níbẹ̀?"

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó wò mí bí ìgbà tó ń wo aṣọ tí mo ti gé bà jẹ́. "O fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú nílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, lọ. Ṣùgbọ́n má lọ bí alágbàṣe. Ẹni tó bá kó irinṣẹ́ lọ sóde, iṣẹ́ ni wọ́n á gbé fún un."

Mo padà sílé, mo ṣí báàgì. Mo yọ Gbogbo-Ẹ-Wá. Mo yọ Ojú-Ẹni, mo yọ iná kámẹ́rà. Mo wo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi sì ti kàn án kí n tó fà á padà. Tí mo bá gbé e lọ, èmi ni mo fi ara mi sínú fọ́tò wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ni. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa pè mí. Òkèèrè nìkan ni mo fi sínú báàgì. Kí n tó lè fi Òkèèrè ya ẹbí kan tán, inú omi ni màá ti fẹ̀yìn rìn dé.

Ṣé ẹ̀tàn ni? Mo bi ara mi. Tó bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lásìkò, kò ní sí wàhálà. Fóònù ẹnikẹ́ni lè ya fọ́tò ẹbí. Tí kò bá sọ ọ́, ojú á tì í níwájú bàbá ẹ̀, á sì mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Ọkùnrin kì í tètè gbàgbé irú ẹ̀. Mo lè torí lẹ́ǹsì kan pàdánù ẹni tó gé gíláàsì fún mi láìsọ̀rọ̀. Mo jókòó ti báàgì náà pẹ́, mo ṣí i, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Mo wá fa síìpù ẹ̀.

Òun ló gbé báàgì náà lórí ẹsẹ̀ nínú mọ́tò títí a fi débẹ̀. Bí Òkèèrè ṣe wúwo tó, kò fura.

Bàbá ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tá a dé. "Onífọ́tò, káàbọ̀. Yàrá ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná." Àǹtí Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi kíá, ó yíjú sí àbúrò ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ń wo bàtà ara ẹ̀. Àǹtí fà mí wọ yàrá.

"Onífọ́tò kẹ̀? Kí ni bàbá ń sọ?"

"Ẹ bi àbúrò yín."

"Orí ìyá mi o! Mo ti ń pè ẹ́ ní ìyàwó wa káàkiri ọsibítù!"

A jọ ń jẹun, a jọ ń fọ abọ́. Ìyá wọn ń fi ẹja tó nípọn jù sínú àwo mi láìsọ̀rọ̀. Bàbá ò bú mi, kò gàn mí; onífọ́tò ló ń pè mí, bí ẹni ń pe ẹni tó wá tún páìpù ṣe. Gbogbo ìgbà tí Onígíláàsì bá la ẹnu nídìí oúnjẹ, ọkàn mi á fò. Á ní, "Bàbá," bàbá á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?" á ní kí wọ́n bá òun na iyọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú fọ́tò, Onígíláàsì àti bàbá ẹ̀ lọ rìn létí omi. Mo wà lójú fèrèsé yàrá mi. Mo gbé Òkèèrè sójú. Mo fà wọ́n wá sí tòsí. Mo rí irun funfun nínú etí bàbá. Mo rí i pé Onígíláàsì dúró, ó kọjú sí i, ètè ẹ̀ ṣí. Ètè náà pa dé. Ó na ọwọ́, ó bọ́ gíláàsì lójú bàbá ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Mo gbé kámẹ́rà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó wọlé, mo bi í. "Ṣé o sọ ọ́?"

"Àyè ò gbà wá."

"Àyè gbà yín. Mo rí yín."

Ibẹ̀ ló ti rí Òkèèrè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí báàgì, ó tú u, kò bá lẹ́ǹsì míì níbẹ̀. "Gbogbo-Ẹ-Wá dà?"

"Ó wà nílé."

"Lọ́la la máa ya fọ́tò! Kí ni màá sọ fún bàbá?"

"Ohun tó o ṣèlérí."

"O fẹ́ tì mí sí kànga ni?"

"Etí ẹ̀ lo ti wà tipẹ́. Mi ò tì ẹ́. Mo kàn ní mi ò ní bá ẹ jókòó síbẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ti ya fọ́tò lọ́la tí mo ṣì jẹ́ onífọ́tò, mọ́tò ọ̀sán ni màá bá lọ. Má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Ó wò mí. Ó wá ọ̀rọ̀ dídùn tì, mo rí i bó ṣe ń wá a. Ó jáde.

Láàárọ̀, gbogbo wọn ti wọṣọ. Bàbá jókòó sáàárín àtẹ̀gùn lórí àga, ó wọ kóòtù, ìyá dúró lọ́tùn-ún ẹ̀, Àǹtí àti Onígíláàsì wà lẹ́yìn. "Onífọ́tò!" bàbá ké. "Oòrùn ti ń le!"

Mo jáde. Aṣọ tí màmá mi rán ló wà lọ́rùn mi. Ọwọ́ mi ṣófo. Mo ti palẹ̀ báàgì mi mọ́ nínú yàrá.

"Kámẹ́rà ẹ dà?"

"Ó wà nínú ilé, sà. Lẹ́ǹsì tí mo gbé wá ò lè gba gbogbo yín."

"Irú onífọ́tò wo ló máa wá ya ẹbí tí kò ní mú lẹ́ǹsì ẹbí dání?"

"Mi ò wá ṣiṣẹ́, bàbá. Wọ́n ní kí n wá sinmi ni."

Ìyá di ọwọ́ àga mú. Bàbá yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀, ó wo ọmọ ẹ̀. "Kí ló ń sọ?"

Onígíláàsì la ẹnu. Ó pa á dé. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ tó ń lọ síwájú, tó ń lọ bá gíláàsì ojú bàbá ẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ó tán. Mo ti ń yíjú padà sílé.

"Fi gíláàsì mi sílẹ̀!" bàbá ní. "Ó mọ́. Dá mi lóhùn."

Ọwọ́ náà dúró lókè. Ó bọ́ sílẹ̀.

"Mo parọ́ fún yín, bàbá. Mo parọ́ fún òun náà. Mi ò háyà onífọ́tò. Obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí."

Kò fi iyọ̀ sí i, kò fi oyin sí i. Mo yíjú padà sí wọn.

"Mo ti sọ tèmi nílé," bàbá ní.

"Ẹ ti sọ tiyín, sà. Èmi ni mi ò tíì sọ tèmi. Nígbà tí mo fẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ ní ó dáa, mo ní ó dáa, mi ò bi ara mi. Kò sẹ́ni tó tú ilé mi. Kò fìgbà kan jẹ́ ilé." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń làágùn bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì. Kò dì mí lọ́wọ́ mú, kò wò mí. Ó kàn dúró.

Bàbá dìde. Ó tún kóòtù ẹ̀ ṣe. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn, kò gbá a o, ó rọra tì í, ìyẹn tiẹ̀ burú jù.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń di gèlè yìí. Mi ò ní tú u láìya fọ́tò. Ẹ pe ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò nílé kejì yẹn." Ó wò mí. "Ìwọ, bọ́ sí ibí. Ṣé ibẹ̀ yẹn lo máa dúró sí ni?"

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fi fóònù Àǹtí yà wá. Àga wà láàárín, ẹnikẹ́ni ò jókòó sí i. Mo wà nínú fọ́tò náà, ojú mi le bí ti ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́. Ayọ̀ tí mo rò pé màá ní ò wá. Ọkùnrin kan ti sọ òótọ́, ọkùnrin kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Gbogbo ọjọ́ yẹn, bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jẹun. Mi ò bá mọ́tò ọ̀sán lọ, ṣùgbọ́n mi ò tú báàgì mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé Òkèèrè lọ sí òpin ọgbà, níbi tí koríko ti kan omi, mo ń wá ẹyẹ. Mo gbọ́ pé wọ́n wọ́ nǹkan nílẹ̀. Bàbá ló wọ́ àga jáde. Ó gbé e sáàárín oòrùn, lórí àtẹ̀gùn, ó jókòó. Ó wọ kóòtù àná.

"Onífọ́tò!" Ó jìnnà, ó ní láti ké.

"Sà!"

"Ọdọọdún ni mò ń ya fọ́tò níbí!"

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, sà!"

"Lẹ́ǹsì ẹ yẹn, ṣé ó lè gba ẹnì kan?"

"Ó lè gbà á! Ẹ má sún mọ́ mi! Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà!"

"Ta ló fẹ́ sún mọ́ ẹ?"

Mo gbé e sójú. Ojú ẹ̀ wá bá mi, ó pọ́n, kò sùn. Ó rò pé òun jìnnà sí mi.

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni?" ó ké.

"Tó bá wù yín!"

"Kò wù mí!"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín nígbà náà! Ẹ gbé àgbọ̀n sókè!"

Ó gbé e sókè. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìyá ti yọjú sójú fèrèsé, Àǹtí wà lẹ́yìn ẹ̀, Onígíláàsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wá síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Ó ti tó!" bàbá ké. "Oòrùn yìí fẹ́ pa mí! Sọ fún ọkọ ẹ kó wá bá mi gbé àga yìí wọlé!"

Bàbá náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀. Mo rí i nínú lẹ́ǹsì bí ọ̀fun ẹ̀ ṣe lọ sókè tó sì padà wálẹ̀. Mo dúró bóyá á gbé ọ̀rọ̀ náà padà. Kò gbé e padà.

Mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀ sáyà. "Ṣé o gbọ́ wọn?" mo ké sí Onígíláàsì. "Wá gbé àga."